Ilé Ìrántí Omíyalé

Bíbélì kíkà: Jóṣúà 3:14 títí dé 4:9, Lúùkù 13:1-5

  

Nínú ẹ̀kọ́ kíkà wa àkọ́kọ́, odò Jọ́dánì kún bo gbogbo bèbè rẹ̀, nítorí àkókò ìkórè ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí nípa orí yìí ni pé omi náà dúró bí òkìtì, tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sì kọjá lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ohun tó tẹ̀lé e gan-an ni a fẹ́ kí ẹ bá wa wò. Kí wọ́n tó sọ ẹrù kalẹ̀, Ọlọ́run ti pàṣẹ pé kí a yan ọkùnrin 12, ẹnì kan láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lọ sí àárín odò náà, níbi tí ẹsẹ̀ àwọn àlùfáà dúró sí, kí olúkúlùkù gbé òkúta kan lé èjìká wá síbi tí wọn yóò sùn lóru ọjọ́ náà. Ọlọ́run mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí yóò béèrè ohun tí òkúta wọ̀nyí wà fún, baba wọn yóò sì ní láti fèsì. Ẹ kíyèsí i pé ohun méjì ni ó béèrè lọ́wọ́ wọn: òkúta tí ojú lè rí, àti ẹnu tí yóò sọ ìtàn rẹ̀.

Èyí ni ó wà lọ́kàn wa nígbà tí ìdàpọ̀ wa ní Bàbáńlá ṣètò láti lọ wo mùsíọ́mù tó wà ní Èsìẹ́. Àwọn kan kọ́kọ́ kùn. Wọ́n ní kí ni àwọn obìnrin ìjọ ń wá lọ sí ilé ère? A dá wọn lóhùn pé wíwò kọ́ ni bíbọ. Ṣádírákì àti Méṣákì àti Àbẹ́dínígò rí ère wúrà ọba Bábílónì lójúkojú, orúnkún wọn ni kò tẹ̀ sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ó di ọjọ́ ìrìnàjò, àwọn tó kùn jù ni wọ́n kọ́kọ́ wọ ọkọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé ibẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ fún yín. Ilé náà ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 1945 ni, kì í sì í ṣe Èkó ni wọ́n gbé e sí, ilẹ̀ Ìgbómìnà tiwa níhìn-ín ni. Àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 800, lọ́kùnrin lóbìnrin. Òkúta rírọ̀ kan tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Púpọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan bí àgbà tó ń dúró de ẹjọ́. Àwọn obìnrin inú wọn di irun, wọ́n sì fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Àwọn mìíràn kò ní orí mọ́, nítorí ó ti kán kúrò lọ́rùn wọn. Ìtàn tí a bá lẹ́nu àwọn àgbà ni pé àlejò ni wọ́n, wọ́n wá sí ìlú náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì di òkúta sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbẹ́ wọn, àti ìdí tó fi gbẹ́ wọn, kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà sọ ọ́. Ìyá àgbà kan nínú wa dúró níwájú ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fún ìgbà pípẹ́, ó ní, “Ìwọ obìnrin yìí, ọmọ ta ni ọ́?” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa. Òkúta wà, ẹnu tí ì bá sọ ìtàn rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Òjò dá wa dúró nígbà tí a ń bọ̀ wálé. Inú ọkọ̀ tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà sí omíyalé. Ìyá kan wà nínú wa tó ń ta aṣọ ní Ìbàdàn nígbà èwe rẹ̀. Bí ó ti ń wo àgbàrá tó ń gba ẹ̀gbẹ́ táyà kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa Ògùnpa. A ti mọ ìyá náà ju ogún ọdún lọ, a kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní ohun tí òun kò lè gbàgbé ni odó ìgúnyán kan tó ń léfòó lọ lójú òpópónà bí ẹni pé ẹnì kan rán an níṣẹ́. Ó ní lẹ́yìn náà ni òun gbọ́ ohùn àwọn tó ń pe orúkọ ọmọ wọn lókùnkùn. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kò sì bi í.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ náà, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdá. Odò Ògùnpa, tó gba àárín ìlú Ìbàdàn kọjá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí odò mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, jáde kúrò ní ipadò rẹ̀, ó sì wọ ilé, ó wọ ọjà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ọkọ̀ bí ẹni gbé igbá. Ó ba ọgbà ẹranko Agodi jẹ́, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967. Òkú tí wọ́n kà lé ní 200, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni kò sì ní ilé tí wọn yóò padà sí. Láti ìgbà náà ni orúkọ odò yìí ti di ohun tí àwọn ènìyàn fi ń ka ọdún: wọn á ní ọmọ yìí ti ń rìn nígbà Ògùnpa, wọn á ní oyún tọ̀hún ni mo ní nígbà Ògùnpa.

Ẹ̀yin arábìnrin, kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ògùnpa ti ya wọ ìlú ní ọdún 1960 àti 1963, ó sì tún ya wọ̀ ọ́ ní ọdún 1978, ọdún méjì péré ṣáájú èyí tó burú jù. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ènìyàn sunkún, tí wọ́n sìnkú, tí wọ́n sì padà sí bèbè odò lọ mọ odi tuntun. Wọ́n kọ́lé sí ibi tí omi ń gbà. Wọ́n sọ odò di ààtàn, pàǹtí sì dí abẹ́ afárá. Nígbà tí omi dé tí kò bá ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ mọ́, ó gba inú yàrá. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àgbàrá òjò kò lóun kò nílé wó, onílé ni kò níí gbà fún un. Ṣùgbọ́n báwo ni onílé yóò ṣe kọ̀ fún àgbàrá, bí òun fúnra rẹ̀ bá ti gbàgbé pé àgbàrá gba ibẹ̀ rí?

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà. Àwọn tó kú lé ní 100. Afárá wó lulẹ̀, àdúgbò kan kò rí ọ̀nà dé àdúgbò kejì, omi sì wọ inú Yunifásítì Ìbàdàn, ó kó ẹja inú oko ẹja wọn lọ. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn sá jáde ní ọdún 1980 ti pé ọdún 31 nígbà náà. Ó ti tó ẹni tó ń ra ilẹ̀. Ta ni ó sọ fún un ibi tí kò gbọdọ̀ rà?

A fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn oníwàásù kan máa ń sọ nígbàkígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ó sì ń dùn wá. Wọn á ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó kú ló pa wọ́n. Wọn á ní ìlú náà ti kún fún ìwà búburú, Ọlọ́run sì fi omi fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Lúùkù orí 13. Àwọn kan mú irú ọ̀rọ̀ yìí wá bá Olúwa wa, ó sì rán wọn létí ilé ìṣọ́ Sílóámù tó wó pa ènìyàn 18. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n rò pé àwọn 18 náà jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ju gbogbo ará Jerúsálẹ́mù lọ, òun tìkára rẹ̀ sì dáhùn pé rárá. Rárá ni Jésù sọ. Kí ni ó wá dé tí àwa ìránṣẹ́ yóò fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni? Obìnrin tí omi já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò wá bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Ó nílò aṣọ gbígbẹ, oúnjẹ gbígbóná, àti ẹni tí yóò jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Jóòbù ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta, ọjọ́ méje tí wọ́n fi dákẹ́ sì ni ìtùnú tó dára jù tí wọ́n ṣe fún un.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé Ọlọ́run bá Nóà dá májẹ̀mú, ó sì fi òṣùmàrè ṣe àmì rẹ̀ ní Jẹ́nẹ́sísì orí 9. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Olúwa wa sọ pé rárá fún àwọn ènìyàn náà, kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pe àwọn tó ṣì wà láàyè sí ìrònúpìwàdà. Àwọn tí ilé kò tíì wó lù ni ó kọjú sí. Àwọn tó kú ní Ògùnpa ti parí ìdánwò tiwọn, ìdánwò náà wà lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ ìtàn wọn tó sì ń lọ da agbọ̀n ìdọ̀tí sínú gọ́tà lójúmọ́ ọjọ́ kejì.

Ọmọbìnrin ọ̀kan nínú ìdàpọ̀ wa, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní òkè òkun, gbọ́ pé a lọ sí Èsìẹ́, ó sì fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé òun náà ti dé mùsíọ́mù kan rí, ní orílẹ̀-èdè Họ́láńdì, èyí tí a kọ́ nítorí omíyalé nìkan. Ìyá rẹ̀ mú un wá sí ìpàdé, gbogbo wa sì gbọ́ ọ. Ilẹ̀ Họ́láńdì rẹlẹ̀ ju òkun lọ ní ibi púpọ̀, odi ni wọ́n fi ń dá omi dúró. Ní òru ọjọ́ Sátidé tó jẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1953, mọ́jú ọjọ́ Àìkú, ìjì líle ti òkun lu odi wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ya. Ènìyàn 1,836 ni ó kú ní orílẹ̀-èdè náà. Ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ouwerkerk, ihò inú odi náà tóbi débi pé kò ṣeé dí títí di oṣù Kọkànlá ọdún náà. Àpótí kọnkéré mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi bí ilé ńlá, ni wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi wọ́ wá, tí wọ́n sì rì síbẹ̀ láti dí i. Irú àpótí tí a ṣe fún Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n. Ẹ wo bí ohun ogun ṣe di ohun ìgbàlà! Wòlíì Àìsáyà ì bá yọ̀ bí ó bá rí i.

Inú àwọn àpótí náà ni mùsíọ́mù wà báyìí. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣí i. Ohun tó dí ihò ni ó di ilé ìrántí. Ọmọ wa náà sọ pé wọ́n kó orúkọ gbogbo àwọn tó kú jọ síbẹ̀, àkọlé ibi tí orúkọ wọ̀nyí wà sì ni 1835 àti 1. Ó béèrè ìdí tí wọn kò fi kọ 1,836 tààrà. Wọ́n ní ọ̀kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yẹn jẹ́ ọmọ jòjòló tí ìyá rẹ̀ bí ní òru omíyalé náà gan-an, omi sì gbé e lọ kí ẹnikẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìjọba kankan. Wọn kò jẹ́ kí ó sọnù nínú ìṣirò. Nígbà tí a gbọ́ èyí ní ìpàdé, ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ bí yàrá náà ṣe rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò ní “àti 1” tirẹ̀ láàrin wa.

Òkúta wà ní Ouwerkerk, ẹnu sì wà. Ní Èsìẹ́, òkúta wà, ẹnu ti pa mọ́. Kí wá ni ti Ìbàdàn? A rò ó títí, ó sì yé wa pé òkúta ti wọn náà wà níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba orí rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ọdún 1980, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi kọnkéré há Ògùnpa mọ́. Iṣẹ́ náà pẹ́ púpọ̀, ìjọba kan ń gbé e fún òmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ kòtò ńlá náà. Lẹ́yìn ti ọdún 2011, Báńkì Àgbáyé tún fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2014 láti bá ìlú náà dènà omíyalé. Nítorí náà, kòtò yẹn ju kòtò lọ. Ìrántí ni. Ó dúró fún ènìyàn tó lé ní 200, gẹ́gẹ́ bí òkúta 12 ti dúró fún ẹ̀yà 12. Ẹni tó bá da ọ̀rá àti igò sínú rẹ̀, orí ibojì ni ó dà á sí. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ gba orí afárá kọjá lè béèrè ìdí tí wọ́n fi gbẹ́ kòtò tó tóbi tó báyìí fún omi kékeré. Bí ìyá náà bá ní “Jẹ́ ká máa lọ, ọjà ń tú,” ìtàn náà parí síbẹ̀.

Jòhánù Wesley tí a fi í ṣe baba nínú ìjọ wa mọ ohun tí ìrántí jẹ́. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ilé baba rẹ̀ ní Epworth jóná lóru ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1709. Àwọn aládùúgbò gun èjìká ara wọn, wọ́n sì gbà á lójú fèrèsé òkè kí òrùlé tó já lulẹ̀. Títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni ó ń pe ara rẹ̀ ní igi tí a fà yọ nínú iná, kò sì fi ìtàn náà pamọ́ nítorí ìtìjú tàbí nítorí pé ó ti pẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má rò pé ọ̀rọ̀ Ìbàdàn àti ti òkè òkun nìkan ni èyí. Ní òru tó mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, omi wọ ìlú Mọ́kwá ní Ìpínlẹ̀ Niger nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń sùn. Ẹni tó bá ti gba Jẹ́bbà kọjá odò Ọya mọ̀ pé Mọ́kwá kò jìnnà sí Kwárà. Àwọn tó kú níbẹ̀ lé ní 150. Musulumi ni ọ̀pọ̀ wọn, ọmọ Ọlọ́run sì ni gbogbo wọn, ó sì yẹ kí orúkọ ìlú wọn wà nínú àdúrà wa bí ó ti wà nínú ìròyìn nígbà náà.

Bàbáńlá kì í ṣe Ìbàdàn, a mọ̀. Ilẹ̀ wa ṣì fẹ̀, ilé wa kò sì tíì fún mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìbàdàn ti rí nígbà kan. Àwọn ìyá wa àgbà mọ ibi tí omi ń gbà ní ìlú yìí kí a tó la òpópónà. Wọ́n mọ ibi tí a kì í kọ́lé sí, wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀. Ìmọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé kankan. Orí wọn ni ó wà, àwọn orí náà sì ń funfun. Nígbà tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlọrin àti Èkó bá fi owó ránṣẹ́ pé kí a bá àwọn ra ilẹ̀, ta ni a ń mú lọ wo ilẹ̀ náà? Ajílẹ̀tà nìkan ni. Ẹ mú ìyá àgbà kan dání. Kò ní gba owó lọ́wọ́ yín, obì kan ti tó o. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ta omi inú ọ̀rá ní ọjà àti níbi ìnáwó, ẹ gbé agbọ̀n kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín fún ọ̀rá òfìfo. Ohun tó bá jáde lọ́wọ́ wa ní owó kò yẹ kó padà wá bá wa ní omíyalé.

Ìgbìmọ̀ ìdàpọ̀ ti fi ẹnu kò sí ohun kan. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, a kò ní ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ìyá wa tó wà ní Ìbàdàn ní ọdún 1980 ti gbà láti jókòó sórí àga níwájú, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi yóò sì jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọn yóò béèrè ohun tí wọ́n bá fẹ́, yóò sì dáhùn èyí tí agbára rẹ̀ bá gbé. Akọ̀wé yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a óò jọ lọ sí gọ́tà tó wà láàrin ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà. Kí ẹni tó ní ọkọ́ mú ọkọ́ wá, kí ẹni tó ní ṣọ́bìrì mú ṣọ́bìrì wá. Bàtà òjò tó wà ní ilé àlùfáà kò ju méjì lọ, nítorí náà kí ẹni tó bá ní tirẹ̀ má fi sílé.